Ehín Ẹṣin àti Ewú Orí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Ìgbòtakò, láti Ìkọyà dé Òde-Ìrèlè, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Bí ọmọ ilé-ìwé bá kà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì pé ehín bàbá kan ti gùn, kí ni yóò rò? Yóò rò pé ehín náà yọ síta ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí Òyìnbó ń wí ni pé bàbá náà ti darúgbó.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bí ẹṣin bá ti ń dàgbà ni èrìgì rẹ̀ ń sún sẹ́yìn, tí ehín rẹ̀ sì ń gùn lójú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ igbó àti omi ni tiwa. Eṣinṣin tí ń kó àrùn ran ẹṣin kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láàrin wa. Ọmọ tí ó mọ ọ̀pẹ àti ọkọ̀ ojú omi, níbo ni yóò ti mọ ehín ẹṣin? Òyìnbó a tún máa wí pé ẹnì kan kì í ṣe ọmọ adìyẹ ìgbà ìrúwé mọ́, tàbí pé ó ti kọjá orí òkè: èyíinì ni pé ìgbà èwe rẹ̀ ti lọ, agbára rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé yẹ̀yẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yorùbá ní tirẹ̀ wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Síbẹ̀ a kì í bo àléébù àgbà. Àwa náà ni a wí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ìbí. Ọwọ́ tí ó gba orí kọjá tí ó sì kan etí kejì ni a fi mọ̀ pé ọmọ ti tó ilé-ìwé í lọ. Àwa náà fi ara ka ọdún, bí Òyìnbó ti fi ehín ka ti ẹṣin. Lónìí, ìwé ni ó ń sọ ọjọ́ orí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sì fi ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65 láyé, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó hàn gbangba pé lójú òfin, olùkọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún kò tí ì kọjá orí òkè.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ nìkan. Ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ fún un, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un nípa ẹni tí a kì í sọ ọ́ sí lójú. Lẹ́yìn èyí, ẹ rán an sí ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó mú òwe Ìkálẹ̀ kan bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì lè kí arúgbó ilé rẹ̀, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó gbà.