Gaàrí tí Wọ́n Bù Fún Wa Tọ́ Wò

Ẹni tó mọ gaàrí í rà kì í sanwó láì tọ́ ọ wò. Á bu díẹ̀ sẹ́nu, á rún un, á mọ̀ bóyá ó kan, bóyá ó gbẹ dáadáa, kó tó ní kí wọ́n wọn kóńgò kan fún òun. Yunifásítì kò ṣeé tọ́ wò bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó mọ adùn tàbí ìkorò rẹ̀, owó ti kúrò lápò òbí. Ìdí nìyí tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń bu nǹkan mìíràn sí wa lọ́wọ́: òkìkí eléré ìdárayá.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1984, Boston College ń bá Miami gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, Miami sì ń fi àmì mẹ́rin ṣíwájú. Doug Flutie, ọmọ kúkúrú láàárín àwọn òmìrán, ju bọ́ọ̀lù náà sókè. Ó fò kọjá orí àwọn tó ń dènà, ó já sọ́wọ́ Gerard Phelan. 47 sí 45! Gbogbo ilẹ̀ náà wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Láàárín 1983 sí 1985, àwọn tó ń wá àyè sí Boston College kúrò ní 12,000 ó lé, wọ́n di 16,000 ó lé. Títí dòní, orúkọ Flutie ni wọ́n fi ń pe irú èrè bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìròyìn yunifásítì náà fúnra rẹ̀ wá kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé iye yẹn ti ń gòkè bọ̀ kí Flutie tó ju bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn. Èmi ò sọ pé bọ́ọ̀lù náà ò ṣe nǹkan kan. Ó jẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí gbọ́ ọ. Àmọ́ gaàrí tí wọ́n bù fún wa tọ́ wò, àpò mìíràn ni wọ́n ti bù ú. Apá Flutie kò lè sọ fún òbí bí olùkọ́ ìṣirò ṣe mọ iṣẹ́ tó.

Ohun tó tún dùn mí ni ti ẹni tó ni ojú tí wọ́n fi ń tajà. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ wa láti Èkó, dé Yunifásítì Houston ní 1980. Ní 1982, 1983 àti 1984, léraléra, òun àti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn wà nínú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà. Òfin ìgbà náà kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ rí kọ́bọ̀ lórí orúkọ tàbí àwòrán ara rẹ̀: owó ilé-ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti ibùsùn ni tirẹ̀ mọ. Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà ní Òṣòdì mọ̀ pé èrè ọjà ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ alẹ́ òun. Oṣù Keje 2021 ni wọ́n tó tú òfin náà, ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn tí Ọlájùwọ́n kúrò ní Houston.