Ta ló gba rẹfirí síṣẹ́?

Bí rẹfirí bá fun fèrè tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, a ó bú u títí ilẹ̀ á fi ṣú. A kì í béèrè ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Lọ́dún 2007, ìwádìí Joseph Price àti Justin Wolfers lórí NBA dá ariwo sílẹ̀: fáwùlù agbábọ́ọ̀lù máa ń pọ̀ sí i díẹ̀ bí àwọn rẹfirí kì í bá ṣe aláwọ̀ bíi tirẹ̀. NBA ní àwọn ò gbà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún wò ó lẹ́yìn ariwo yẹn, ìyàtọ̀ náà ti pòórá. Wọ́n ti mọ̀ pé ojú ń wò wọ́n ni o!

Ẹni tí wọn ò tíì gbà síṣẹ́ ńkọ́? Èmi tí mo ka òfin, ẹjọ́ Griggs ti 1971 ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé ìdánwò tó ń ti àwọn aláwọ̀ dúdú síta, tí kò sì kan iṣẹ́ náà, kò bófin mu, bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ ò tiẹ̀ ní èrò ibi. Bó bá jẹ́ mímọ èèyàn ni wọ́n fi ń yan rẹfirí, ṣé ìyẹn kan fèrè fífun?

Kí gbogbo líìgì gbé e síta: àwọn wo ló wá, àwọn wo lẹ mú, kí lẹ fi yàn wọ́n?