Ẹ̀yìn Ríro àti Oògùn Sitẹ́rọ́ìdì

Kí àkùkọ tó kọ ní Mowe àti Ibafo ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń dúró de ọkọ̀ létí ọ̀nà márosẹ̀, tí wọn yóò ká orúnkún mọ́ra nínú dánfó títí wọn yóò fi dé Èkó, tí wọn yóò sì tún ká a bẹ́ẹ̀ padà wá nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn tí ń ru búlọ́ọ̀kù níbi ilé kíkọ́, àti àwọn ìyá tí ń gbé ẹrù wúwo lọ́jà Ifọ̀, kò rọrùn fún ẹ̀yìn wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní í ṣe: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro káàkiri ayé.

Nílẹ̀ wa, jẹ̀díjẹ̀dí ni a kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi, a ó sì mu àgbo; bí àgbo kò bá ràn án, a ó gba ilé kẹ́míìsì lọ pé kí wọ́n bá wa po oògùn ara ríro. Nínú àwọn hóró tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá láìkọ orúkọ sí i, prednisolone tàbí dexamethasone kì í wọ́n níbẹ̀, sitẹ́rọ́ìdì sì ni méjèèjì. Ẹni tí ó lò ó lè jí láàárọ̀ kí ó rò pé ìrora ti fò lọ, oúnjẹ yóò máa wù ú jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò kún, àwọn aládùúgbò yóò sì máa kí i pé ó sanra, láìmọ̀ pé ojú tí ó wú yẹn jẹ́ àmì pé oògùn náà ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Oògùn yìí kì í ṣe ayédèrú. Ẹ̀yà ara kéékèèké méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín wa ni ó ń ṣe irú rẹ̀ fún ara, òun ni ó sì ń pa iná ibi tí ó bá wú tí ó sì gbóná. Ní ọdún 1948, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi cortisone, tí òun náà jẹ́ sitẹ́rọ́ìdì, fún obìnrin kan tí oríkèé ara rẹ̀ ti wú tí kò fi lè rìn dáadáa mọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó dìde, ó ń rìn. Ní 1950 wọ́n fún Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein ní ẹ̀bùn Nobel. Isu inú igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ lò lẹ́yìn náà láti fi sọ oògùn náà di púpọ̀. Ṣùgbọ́n Hench fúnra rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó rí i pé ìpalára ń tẹ̀lé ìtura náà bí a bá ń lò ó lọ.

Ǹjẹ́ ó wúlò fún ẹ̀yìn tí ó ti ń roni fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀, iná wíwú kọ́ ni ó dá a sílẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí sitẹ́rọ́ìdì yóò pa níbẹ̀. Bí ìrora bá ti ìbàdí ṣàn gba itan dé ẹsẹ̀, nítorí pé ohun rírọ̀ tí ń bẹ láàárín eegun ẹ̀yìn yọ jáde tí ó sì ń da iṣan láàmú, dókítà lè gún abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì sítòsí iṣan náà. Ìtura lè wà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kì í pẹ́. Ní 2014, wọ́n dán irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà lára 400 ènìyàn tí ihò ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti há: apá kan gba oògùn tí ń mú ara kú tìpìrì nìkan, apá kejì gbà á pọ̀ mọ́ sitẹ́rọ́ìdì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Ní 2015, wọ́n fi hóró prednisone, tí òun náà jẹ́ sitẹ́rọ́ìdì, fún àwọn tí ìrora ń ṣàn wọ ẹsẹ̀ wọn: ìrìn wọn dára díẹ̀ sí i, ìrora kò dínkù ju ti àwọn tí kò lò ó.

Ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀pómúléró ara, gan-an ni hóró náà ń jẹ bí a bá lò ó pẹ́: eegun á fẹ́lẹ́, á sì lè wó láìsí pé ènìyàn ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ọgbẹ́ inú ń bá a rìn; orí eegun itan lè kú, àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù. Ikọ́ fée a máa wọ eegun ẹ̀yìn, sitẹ́rọ́ìdì á sì bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àrùn náà ti ń gbilẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ fi ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣe ilé, bí ibà bá ń bá ẹ̀yìn ríro rìn, bí ẹni náà bá ń rù, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ti Ṣàgámù, ti Abẹ́òkúta àti ti Ìgbóbì ní Èkó kò jìnnà. Fún ẹ̀yìn ríro tí kò ní àmì wọ̀nyí, ìrìn rírìn àti eré ìdárayá tí àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì ń kọ́ni ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tí ó ti ń gbé hóró náà mì fún oṣù, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì, nítorí ẹ̀yà ara tí ń ṣe irú rẹ̀ ti sùn. Kí ó lọ bá dókítà, tí yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì fẹ́ po oògùn fún, kí ó ní kí wọ́n kọ orúkọ hóró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún òun kí ó tó sanwó.