Ẹ̀dọ̀ Kì í Pariwo

Ọjọ́ tí mo lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fẹ́ bímọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀dọ̀ mi. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kí n jókòó. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bùrọ̀dá, a ò lè gba ẹ̀jẹ̀ yín o. Hepatitis B ni àyẹ̀wò gbé jáde. Ẹ lọ rí dókítà."

Mo ní irọ́ ni. Kò síbi tó ń dùn mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé ni. Dókítà kàn wò mí, ó ní ẹ̀dọ̀ kì í pariwo. Gbólóhùn yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀yà ara tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ nìkan.

Ẹ fọwọ́ lé egungun ìhà yín lápá ọ̀tún, níbi tó ti ń parí lọ. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló fara pamọ́ sí. Ti àgbàlagbà tó nǹkan bíi kílò kan àbọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà débẹ̀: nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀ ló jẹ́ pé inú ikùn, pàápàá ìfun, ló ti kọ́kọ́ gbà kọjá. Ìyẹn ni pé ẹ̀bà tí ẹ jẹ, oògùn tí ẹ gbé mì, ọtí tí ẹ mu, bí ìfun bá ti fà wọ́n sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ rántí oníbodè ayé àtijọ́ tó máa ń tú ẹrù wò kí àlejò tó wọ ìlú. Iṣẹ́ yẹn náà ni. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù, á kó o pamọ́, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru kí ebi má bàa pa ọpọlọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Májèlé, á yí i padà kó lè bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde.

Ó tún ń ṣe omi kíkorò kan tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Òróòro nìyẹn. Ẹni tó bá ti pa adìyẹ rí mọ àpò aláwọ̀ ewé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, tó jẹ́ pé bó bá bẹ́, ẹran ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń sọ fún ẹni tínú ń bí pé kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti la ẹran rí, ó dá mi lójú: ẹ̀dọ̀ lókè, òróòro lábẹ́, bó ṣe wà nínú tèmi tiyín náà nìyẹn.

Orúkọ mìíràn tí mo wá bọ̀wọ̀ fún ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Bí ara bá tú u palẹ̀, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n ń pè ní bilirubin á jáde lára rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń tún un ṣe tó fi lè yòrò nínú omi, á dà á mọ́ òróòro, á gba ìfun jáde. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn, á ṣẹ́jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ojú á pọ́n. Èyí tó ti yòrò á gba inú kíndìnrín, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì. Àwọn àgbà rí ojú, wọ́n rí ìtọ̀, wọ́n so wọ́n pọ̀. Àkíyèsí gidi nìyẹn. "Ibà" tí wọ́n fi síwájú rẹ̀ ni kò bá mi lára mu, torí ibà ẹ̀fọn tó le lè fa ojú pípọ́n, sickle cell lè fà á, òkúta inú àpò òróòro lè fà á, hepatitis náà lè fà á. Àgbo kan ṣoṣo ò lè wo gbogbo wọn. Ẹni tójú rẹ̀ bá pọ́n, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Kí ló wá dé tí tèmi ò fi dùn mí? Inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní iṣan tó ń gbé ìrora. Awọ tó bò ó ló ní. Yàtọ̀ síyẹn, ó lágbára púpọ̀. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá, èyí tó kù á tún tóbi padà láàárín oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá ń tún ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, àpá ni á gba ibẹ̀. Àpá kì í ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ á le, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá dáadáa, omi á kún ikùn. Ìgbà yẹn lara tó máa ń ké, ilẹ̀ sì ti ṣú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé ní 2022, èèyàn mílíọ̀nù 254 ló ní hepatitis B lára, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀. Àgbàlagbà tó bá kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e lọ. Ti ọmọ ọwọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀: nínú ọmọ mẹ́wàá tó kó o lára ìyá nígbà ìbí, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló máa wà lára wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi í kún àjẹsára àwọn ọmọdé. Wọ́n ti bí mi ṣáájú. Bóyá ẹ̀yin náà. Àgbàlagbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò ní in ṣì lè gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ẹni méjì jọ lò ló ń gbé e kiri. Jíjẹun nínú àwo kan náà kọ́ o.

Nígbà tí mo sọ fún Màámi, wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ṣé lára mi lo ti kó o ni?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Mà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìgò àgbo dé látọ̀dọ̀ ìyá alágbo. "Mu ún. Ó ń fọ ẹ̀dọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ nǹkan fún wa. Kò sóhun tí à ń mu láti fi fọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ àgbo, ì báà jẹ́ tíì "detox" tí wọ́n ń tà lórí Instagram. Kì í ṣe pé mo kórìíra ewé. Ohunkóhun tó bá wọlé, oníbodè ló máa tú u wò, a ò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn tàbí bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ wo paracetamol tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di májèlé, ó sì ní nǹkan tó fi ń pa májèlé náà lójú ẹsẹ̀. Bí àgbàlagbà bá gbé ju ẹyọ mẹ́jọ ti 500mg mì láàárín wákàtí 24, nǹkan yẹn lè tán, májèlé á wá dojú kọ ẹ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn sì ní paracetamol nínú, ẹ ka ara páálí kí ẹ má lo méjì pọ̀. Ti paraga, ẹ ti gbọ́ ọ ṣá: ọtí àti egbò nínú ife kan, ẹrù méjì fún oníbodè kan.

Èyí tí mi ò mọ̀ rí ni ti ẹ̀pà. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà tó ti bu ṣe ni wọ́n fún wọn jẹ. Ohun tó hù lórí ẹ̀pà yẹn ló ń tu májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ó máa ń wà lára àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa náà. Díndín ò pa á tán. Ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ewu rẹ̀ sì ga jù fún ẹni tó ti ní hepatitis B bíi tèmi. Ẹ̀pà tó bá ti dúdú tàbí tó korò lẹ́nu, mo ti ń tu ú dà nù báyìí, kódà bí ìyá ẹlẹ́pà bá ń wò mí.

Gbogbo ilé la kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní in, ọmọ rẹ̀ sì ti gba abẹ́rẹ́ kó tó pé ọjọ́ kan láyé. Àbúrò mi ò ní in, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ku ẹyọ kan. Màámi ní in. Oògùn tó ń lé e lọ pátápátá fún gbogbo èèyàn ò tíì sí, ṣùgbọ́n èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wà, bíi tenofovir, òun ni Màámi ń lò. Dókítà ní tèmi ṣì rọlẹ̀, ká máa ṣọ́ ọ. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà làwa méjèèjì jọ ń lọ. Ìgò àgbo yẹn ṣì wà lórí fìríìjì. Kò sẹ́ni tó mu ún, kò sẹ́ni tó dà á nù.