Ṣé o mọ̀? Owó ọkọ̀ ló kọ́ yunifásítì kan sí Ìlárá-Mọ̀kín

Èrè ọkọ̀ Toyota ló di yunifásítì ní Ìlárá-Mọ̀kín, ìlú kékeré kan nítòsí Àkúrẹ́. Olóyè Michael Adé Òjó, tó pa orúkọ ìyàwó rẹ̀ Elizabeth pọ̀ mọ́ Adé tirẹ̀ láti sọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Elizade ní 1971, ló dá Yunifásítì Elizade sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ní 2012. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, FUTA, ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn sì wà ní ìlú Oǹdó, ṣùgbọ́n ìjọba ló dá àwọn méjèèjì, ìlú ńlá ló sì gbé wọn sí. Bí ọmọ ìlú kékeré ò bá rántí ilé, ta ni yóò rántí rẹ̀? Àwọn kan á ní owó ilé ìwé aládàáni ju agbára ọmọ àgbẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ó sì dunni. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún irú wọn ṣì yẹ kó pọ̀ sí i. Àmọ́ ká ní Èkó ló kọ́ ọ sí ni, kò sóhun tí ì bá kan Ìlárá níbẹ̀. Yunifásítì kì í dá dúró: ó ń fẹ́ alásè, awakọ̀, bíríkìlà àti ọdẹ tí yóò ṣọ́ géètì lóru.