Ilé Ẹ̀bá Ọ̀nà ní Òṣòdì: Kí Ni Ẹ Ń Rà Gan-an?

Ọ̀rọ̀ ilé rírà ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ilé rírà ní Òṣòdì, níbi tí ọ̀nà gbogbo ti ń pàdé. Ó ti lé ní ọdún kan tí èmi àti Ìyá Ìbejì ti ń wá ilé kékeré kan rà ní agbègbè náà, ohun tí ojú wa sì ti rí pọ̀ ju ohun tí à ń fi sínú lọ.

Ẹni tí kò bá gbé Èkó rí ni yóò béèrè pé kí ni a ń wá ní Òṣòdì. Ṣé ariwo ni? Àbí èéfín mọ́tò? Ilẹ̀ wà ní Mòwé, ilẹ̀ wà ní Ìkòròdú, kò sì wọ́n tó ti Òṣòdì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Olùkọ́ tí ilé rẹ̀ jìnnà, tí ó ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí, tí ó ń lo wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ní àlọ àti wákàtí méjì ní àbọ̀, wákàtí 20 ni ó ń sọ nù láàárín ọjọ́ márùn-ún. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ààbọ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ fún un lórí rẹ̀. Ti ọlọ́jà tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí òun bá pẹ́ dé ọjà, oníbàárà rẹ̀ kò ní dúró dè é.

Kì í ṣe òní ni Òṣòdì di oríta. Orúkọ Òṣòdì Tápà, ọmọ Tápà tí ó di ìjòyè ńlá l'Ékòó nígbà ayé Ọba Kòsọ́kọ́, ni ibẹ̀ ń jẹ́. Ní ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin réluwé láti Èkó, nígbà tí ó sì di 1901 ọkọ̀ ti ń kó èrò dé Ìbàdàn; Òṣòdì wà lójú ọ̀nà náà. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìjọba la títì ńlá tí ó ti Àpápá wá sí Òṣòdì, ní 1979 sì ni wọ́n ṣí pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ sí oríta náà, ọ̀kan fún àwọn tí ń lọ sí ẹ̀yìn odi, méjì fún àwọn tí ń rìn láàárín Èkó. Nígbà tí ó di 2020, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ láti Abúlé-Ẹ̀gbá wá sí Òṣòdì. Lẹ́yìn èyí ni réluwé tuntun tí wọ́n ń pè ní Red Line dé. Ààrẹ Tinubu ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, Yábàá, Oyingbo: ibùdó mẹ́jọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé Òṣòdì tí ó sì ń tajà ní Oyingbo, ẹ̀rín ni ó ń rín báyìí.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, alágbàtà ilé yóò kà á fún yín, yóò sì gbowó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí kò ní kà ni pé ọ̀nà tí ó mú ilé wọ́n náà ni ó lè gbé ilé lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà Òṣòdì kò nílò kí n sọ ọ́ fún yín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà ìjọba Gómìnà Fashola, katakata wọ Òṣòdì ó sì gbá ìsọ̀ gbogbo tí ó wà lẹ́bàá títì àti lẹ́bàá irin réluwé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, nígbà ti Gómìnà Ambode, ọjà Owónífàrí ni ó kàn, wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pákòdowó ní Bọ́láadé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe réluwé Red Line, àwọn ilé tí ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ náà ni a wó, wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún àwọn onílé.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi owó gbà-má-bínú yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ní ayé àtijọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ẹbí Olúwa ní Àpápá, wọn kò sì fẹ́ san owó tí ó tọ́. Ìjòyè Amodu Tijani Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 ni ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council dá a láre pé ẹbí náà ni ó ni ilẹ̀, àti pé bí ìjọba bá fẹ́ gbà á, kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà fún wọn gẹ́gẹ́ bí olówó rẹ̀. Ẹjọ́ ńlá ni, ó sì dára kí a máa kọ́ ọ ní ilé ìwé wa.

Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ ti 1978, èyí tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, yí i padà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín nítorí ànfààní ará ìlú, owó ilé orí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san, ìyẹn iye tí a lè fi kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí a bá ti yọ ti gbígbó rẹ̀ kúrò. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba ní ọdún náà ni wọn yóò dá padà, bí ẹ bá tilẹ̀ san án.

Ẹ wá wò ó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé àtijọ́ kan wà tí ògiri rẹ̀ ti sán, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Bí ó bá wà ní ìgbèríko, kò sí ẹni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí pé ó sún mọ́ réluwé ni wọ́n fi dá owó gọbọi lé e. Ẹni tí ó tà á ti gba owó ìsúnmọ́ ọ̀nà lọ́wọ́ yín pátá. Ní ọjọ́ tí katakata bá dé, owó ògiri sísán ni ìjọba yóò kà fún yín. Ìdí nìyí tí mo fi béèrè pé kí ni ẹ ń rà gan-an.

Ilé kan báyìí ni a kọ́kọ́ rí lọ́nà Ṣógúnlè: yàrá mẹ́fà, ìsọ̀ kan níwájú, ayálégbé nínú yàrá mẹ́rin. Alágbàtà ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni sí réluwé. Mo wo aago mi, mo fi ẹsẹ̀ rìn ín, ìṣẹ́jú 17 ni mo bá níbẹ̀, èmi kì í sì í ṣe ẹni tí ń fa ẹsẹ̀. Ìyá Ìbejì ní kí a tún padà lọ ní alẹ́, kí a sì tún lọ ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. A lọ. Ìsọ̀ iwájú náà dùn mọ́ ọn nínú, mo rí i lójú rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan ni olórí ẹbí tí ó fẹ́ tà á. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn àbúrò yín tí ẹ jọ ni ilé, ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ pé ẹ fẹ́ tà á?"

Bàbá ní: "Ọmọ mi, èmi ni olórí ẹbí. Ohun tí mo bá sọ, abẹ gé e."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Àwa náà fẹ́ kí wọ́n bá yín fọwọ́ sí i ni."

Kì í ṣe pé a ń fojú di Bàbá. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, tí kóòtù gíga jù lọ dá ní 1959, ni ó ti hàn gbangba pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí yòókù lọ́wọ́ sí i, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí a tú títà náà ká. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí ni ó tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ rárá lójú òfin. Risíìtì kò lè gba yín níbẹ̀.

A mú ìwé sọ́fè ilé náà, a gbé e fún awọnlẹ̀ kan, òun sì bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Sọfíyọ̀ Àgbà ti ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí èsì dé, ìsọ̀ náà àti yàrá méjì iwájú ni ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà. Ìyá Ìbejì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Bàbá Ìbejì, iwájú ilé ni wọ́n ń tà fún wa, ilé ìgbẹ́ ni yóò ṣẹ́kù fún wa." Alágbàtà bínú sí wa. Ó ní bí a bá ń ṣe báyìí, a kò ní rí ilé rà ní Èkó láéláé, àti pé ẹlòmíràn ti gbé owó dúró. A kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ń gbé Rotterdam ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Òun náà ra ilé sí ibi tí réluwé àti ọkọ̀ orí irin inú ìlú ti pàdé. Ó ní ìjà tiwọn ni pé iye tí olówó ilé pè kì í tó, àwọn tí ń rà á máa ń bu owó lé e fún ara wọn ni. Ṣùgbọ́n láti 1832 ni wọ́n ti ní ìwé Kadaster, níbi tí orúkọ olówó ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Notary tí òfin mọ̀ ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì ń kọ ìwé náà. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá sì ti gba àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, òfin fún un ní ọjọ́ mẹ́ta tí ó lè fi sọ pé òun kò rà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta! Ní tiwa, alágbàtà kò fẹ́ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Èmi kò sọ pé kò sí òfin ní Èkó o. Ní 2016 ni wọ́n ṣe òfin tí ó dojú kọ àwọn àjàgùngbalẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì ni fún ẹni tí ó bá fi agbára wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ìwé ilẹ̀ wà ní Àláúsá tí lọ́yà lè lọ yẹ̀ wò fún yín. Bí ẹ bá sì rà tán, ẹ gba ìyọ̀ǹda gómìnà sí i, nítorí òfin 1978 kò ka títà náà sí títà tí ó pé láìsí i. Ẹ má gbàgbé owó alágbàtà àti owó lọ́yà nígbà tí ẹ bá ń ka owó yín, àwọn yẹn kò sí nínú owó ilé. Bí ayálégbé bá sì wà níbẹ̀, ẹ má rò pé wọn yóò kó jáde lọ́jọ́ kejì. Òfin tí Èkó ṣe ní 2011 fún ẹni tí ń san owó ọdọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà.

Ilé kejì tí a rí wà nínú Máfolúkù, ní àdúgbò tí kò kọjú sí títì ńlá kankan. Ìṣẹ́jú 25 ni láti ibẹ̀ dé réluwé, ọkọ̀ òfurufú sì máa ń kọjá lókè tí a kò fi ní gbọ́ ohùn ara wa. Kò sí ìsọ̀ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí awọnlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ojúlé mẹ́rin ni ẹbí tí ó ni ín. Mẹ́ta ti fọwọ́ sí ìwé, ìkẹrin jẹ́ ìyá àgbà kan tí ń gbé Ìbàdàn. Owó wa ṣì wà ní báńkì. Ní Sátidé tí ń bọ̀ ni a ó lọ bá ìyá náà, Ìyá Ìbejì sì ti ní òun fúnra òun ni yóò ka ìwé náà sí i létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tó tẹ ìka.