Ǹjẹ́ ọtí tí èèyàn pọn nílé léwu? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa pito

Ọkà bàbà tí àwọn kan ń rà fún ògì lọ́jà Kaneshie, nílùú Accra, náà ni ẹni tó bá fẹ́ pọn pito máa wá rà.

Pito jẹ́ ọtí tí àwọn obìnrin àríwá Ghana ti ń pọn láti ìran dé ìran, tí wọ́n sì gbé wá sí Accra. Kò lè ṣàjèjì sí Yorùbá tó bá mọ ọtíkà tàbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn míì ń fi ọtí pípọn ṣe fàájì. Ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tó jẹ́ kí àgbàlagbà lè pọn bíà nílé fún ìlò ara rẹ̀ láì san owó orí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pọn ọ́n?

Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á sì lọ̀ ọ́. Híhù yìí ló ń jẹ́ kí ọkà náà lè di ohun dídùn.

Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á jẹ́ kó kan díẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì tún sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tó bá tutù, wọ́n á fi yíìsì tó ṣẹ́kù lára ọtí àtẹ̀yìnwá sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti di ọtí.

Ṣé ó lè fọ́ni lójú?

Methanol ló máa ń fọ́ni lójú, tó sì ń pààyàn. Ọkà tí yíìsì sọ di ọtí kì í mú u jáde débi tó lè ṣe irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀.

Inú ọtí líle bíi akpeteshie àti ògógóró ni ewu yẹn wà, pàápàá tí ẹnìkan bá po kẹ́míkà mọ́ ọn. Ní ọdún 2015, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers, ní Nàìjíríà.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún?

• Ẹ má lo ọkà tó ti bu.

• Ẹ fi omi gbígbóná fọ gbogbo ohun èlò.

• Ẹ má dé pito pa sínú ìgò, nítorí ó ṣì ń hó, ìgò náà sì lè bú gbàmù.

• Ẹ má gbìyànjú láti sè é di ọtí líle nílé.

Ọtí ṣì ni pito: kì í ṣe fún ọmọdé, aláboyún tàbí ẹni tó fẹ́ wakọ̀.